Adìyẹ oníbúrẹ́dì, sùpàgẹ́tì àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́:
Ẹ kú ilé o. Bàbá ọkọ mi wá kí wa láti Òǹdó lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ mọ àwọn àgbà Òǹdó: tí kì í bá ṣe iyán, oúnjẹ ò tíì délẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìbejì ti ń bẹ̀ mí fún sùpàgẹ́tì, ni mo bá sè é fún gbogbo ilé.

Àyà adìyẹ ni mo rà ní Ọjà Ọba. Mo là á ní pẹlẹbẹ, mo fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bò ó, mo fi ọmọ odó lù ú jẹ́jẹ́ títí ó fi fẹ̀ dọ́gba. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Tí ẹran bá nípọn, búrẹ́dì á ti jó kí inú rẹ̀ tó jinná, bẹ́ẹ̀ adìyẹ tí ò jinná kì í ṣe ohun tí à ń gbé fọ́mọ.

N kì í ra ẹ̀rún búrẹ́dì inú ike. Búrẹ́dì Agége tó ti sùn ni mò ń gé wẹ́wẹ́, mà á yan án lórí iná kékeré kó gbẹ, mà á wá gún un. Kó má kúnná jù o, kó ṣì máa ta ọwọ́ bíi gàrí Ìjẹ̀bú. Fúláwà ló ṣáájú, torí òun ló ń fa omi ara ẹran kí ẹyin lè dì í mú. Ọwọ́ kan fún ẹyin, ọwọ́ kejì fún búrẹ́dì. Mo wá fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 15 kó tó wọ òróró.

Tàtàṣé, tòmátì, àlùbọ́sà, áyù àti kárọ́ọ̀tì ni mo fi dín ọbẹ̀, ṣọkọ ló wọlé kẹ́yìn. Mo yọ sùpàgẹ́tì nígbà tó ṣì le díẹ̀, mo bu ife kan nínú omi rẹ̀ sínú ọbẹ̀. Omi yẹn ló ń jẹ́ kí ọbẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Adìyẹ ló wà lókè. Ọbẹ̀ ò gbọdọ̀ borí rẹ̀.

Bàbá bù ú jẹ, ó ń dún kàràkàrà lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, “Ìyàwó, o káre.” Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Mo ṣì gún iyán wọn lálẹ́.

Ọmọ FUTA, South Gate:
Ẹ kú iṣẹ́, mà. Itan adìyẹ ni mò ń lò, mà á yọ egungun rẹ̀; àyà ti wọ́n jù fún akẹ́kọ̀ọ́. Kí n tó ki ẹran bọ òróró, mà á ju ẹ̀rún kan sí i. Tó bá hó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó yá. Ẹyọ méjì-méjì ni mò ń dín, kí òróró má baà tutù.

Àǹtí Yàbà, Òǹdó:
Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Milan, ní Ítálì. Ẹran ọmọ màlúù ni wọ́n ń fi búrẹ́dì bò níbẹ̀, wọ́n á dín in nínú bọ́tà. Ó ní sùpàgẹ́tì ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ, ẹran á wá dé lẹ́yìn nínú àwo tirẹ̀. Látìgbà náà ni mo ti ya adìyẹ tèmi sọ́tọ̀, ó sì ń gbẹ dáadáa. Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ máa ń bọ ṣọkọ yín kẹ́ ẹ tó dà á sí i? Tèmi ń yọ omi.

Ìyá Ìbejì:
Mo ń bọ̀ ọ́, Àǹtí mi. Ìṣẹ́jú kan péré, kẹ́ ẹ fi omi tútù ṣàn án, kẹ́ ẹ fún un gbẹ dáadáa.