"Ìṣáájúbí": ta ló ṣáájú, ta ló bí?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Àbúrò wa tó kọ̀wé lọ́jọ́ Àìkú ní "ogún ìbí," ìyẹn ẹ̀tọ́ àkọ́bí, tí Ísọ̀ tà fún Jákọ́bù nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 25 ti gbó, àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n mọ́, kí a fi "ìṣáájúbí" rọ́pò rẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ti pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á.

Ì, ṣáájú, bí. Ta ló ṣáájú níbẹ̀? Bí mo bá ní "Hágárì ṣáájú Sáárà bí," Hágárì ló ṣáájú, òun náà ló bí. Ìyá ni. Ọmọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ti ọmọ ni àbígbẹ̀yìn, ti ọmọ ni àbíkú: a bí i, ó gbẹ̀yìn, a bí i, ó kú. Tí "ṣáájú" bá ní dandan ni kí òun wọlé, kó gba ẹ̀yìn "bí" wọlé, kó di "àbíṣáájú." Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní, "Àkọ́bí ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni, "kọ́" ló ṣíwájú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo à- tó wà lórí rẹ̀. À- yẹn ló mú ọmọ jáde. Ìṣe ni ì- máa ń mú jáde: ìlọ, ìbọ̀, ìbí. Bàbá wa tó ní òun ti fi ọdún 30 kọ́ni ní gírámà, ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọdún 30 kò sọ ì- di à-.

Ọ̀rọ̀ náà sì nílé tirẹ̀ o. Ábúrámù jẹ́ ẹni ọdún 86 nígbà tí Hágárì bí Íṣímáẹ́lì, ó ti pé 100 kí Sáárà tó bí Ísáákì. Ọdún 14 gbáko tí ọmọ-ọ̀dọ̀ fi ṣáájú ìyáálé bí! Àní oyún lásán ló ní tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fojú tín-ín-rín ọ̀gá rẹ̀. Ìṣáájúbí nìyẹn. Ti Pẹ̀nínà sí Hánà orogún rẹ̀, ìyá wòlíì Sámúẹ́lì, náà nìyẹn. Ẹ fi í fún àwọn orogún, yóò bá wọn mu.

Ṣùgbọ́n ibi tó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Ìbejì ni Ísọ̀ àti Jákọ́bù. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, Kẹ́hìndé ni mí, ọmọ Abẹ́òkúta. Nílé wa, ta ni àgbà nínú ẹni tó kọ́kọ́ jáde àti ẹni tó rán an níṣẹ́? Ìyá wa àgbà, aláró ni ní Ìtòkú, kò mọ̀wé, èmi ni mo máa ń ka Bíbélì fún un. Lọ́jọ́ tí mo ka ìtàn yìí, mo dé ibi tí Olúwa ti sọ fún Rèbékà pé ẹ̀gbọ́n ni yóò sin àbúrò. Ìyá ní kí n dúró. Ó ní, "Jákọ́bù tó di gìgísẹ̀ èkejì rẹ̀ mú jáde, ṣé òun kọ́ ni Kẹ́hìndé? Ẹ̀gbọ́n ni tẹ́lẹ̀. Kí ló tún ń fi ọbẹ̀ rà?" Títí dòní n kò rí èsì fún un. Ẹ ẹ̀ rí i pé lójú Yorùbá, "ṣáájú" gan-an kọ́ ló ń sọni dàgbà láàárín ìbejì? Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fi "ìbí" síbẹ̀, wọn ò sọ ẹni tó ṣíwájú, wọn ò sọ ẹni tó kẹ́yìn. Ọgbọ́n nìyẹn lójú tèmi. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, ọ̀kan lára àwọn atúmọ̀ náà, ṣáà mọ orúkọ àmútọ̀runwá. Òun alára dojú délẹ̀ wáyé. Ìyá rẹ̀, Àfálà, tí wọ́n ti pàdánù ara wọn láti 1821, ìlú wa níbí ni wọ́n ti tún fojú kan ara wọn ní 1846, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah nígbà tó ṣèrìbọmi ní 1848. Ìyá Sámúẹ́lì, ẹ gbọ́ ọ ná.

Àbí kí ni ẹ máa fi "ìṣáájúbí" ṣe ní Jẹ́nẹ́sísì orí 38, lọ́dọ̀ àwọn ìbejì Támárì? Sérà na ọwọ́ jáde, agbẹ̀bí so òwú pupa mọ́ ọn, ó fà á padà, Fárésì yọ. Ọwọ́ la ó kà ni, àbí orí?

Ohun kan ṣoṣo ni mo gbà fún àbúrò wa: àmì. Nínú Bíbélì tí mo fi kàwé ní kékeré, kò sí àmì tó tó lórí "ibi," "ogún ibi" ni mo sì ń kà ṣáá, ogún burúkú. Ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ sórí èkíní, àmì òkè sórí èkejì, ọ̀rọ̀ náà yóò jí.

Ẹni tó ní Ẹ̀gbá kì í pe "ṣ" dáadáa, mo rí yín. Mo ń bọ̀ wá bá yín.

Táyé ní kí n kí yín. Ó ní kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ pé òun lòun kọ́kọ́ dé.