“Ọnà onírònú” tàbí “àgbékalẹ̀ agbatẹnirò”?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín láti Adó-Èkìtì.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìkẹ́rẹ́ tó ń tú áàpù ìkàròyìn kan sí Yorùbá bi wá lọ́jọ́ Ajé pé kí ni ká pe “thoughtful design” tí àwọn tó ṣe áàpù náà fi ń polówó rẹ̀. Àbá tiwọn ni “ọnà onírònú”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò wọ̀ mí létí. Bí mo bá gbọ́ onírònú, ẹni tó fọwọ́ lẹ́rán ni mo ń rí, tí a fẹ́ bi pé kí ló ṣe é. Áàpù kò kúkú jẹ gbèsè.

Ọ̀rọ̀ tí à ń wá ti wà nílé: ìgbatẹnirò. Ìyá tó gún iyán fún àlejò, tó wá ya ti bàbá tí kò léyín sọ́tọ̀, tó gún un títí kò fi sí kókó kan nínú rẹ̀, ó gba ti bàbá rò ni.

Ẹ wo màmá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkọ̀lé. Lórí áàpù tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti kà á dé ìlà kẹta, àwòrán ìpolówó á ṣẹ̀ṣẹ̀ já wọlé, ìlà tí wọ́n ń kà á sì sá lọ sísàlẹ̀. Wọn á ní, “Ta ló tún gbé e lọ?” Èyí tí wọ́n ń lò báyìí máa ń fi àyè sílẹ̀ kí àwòrán tó dé, torí náà ọ̀rọ̀ kì í kúrò lójú kan. Bí ẹnìkan bá pè wọ́n, ìlà tí wọ́n kà dé náà ni wọ́n máa ń padà bá. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá sì ń fà, ọ̀rọ̀ ló ń kọ́kọ́ wọlé, àwòrán á máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó ṣe èyí gba ti arúgbó rò, ó gba ti ẹni tí dátà rẹ̀ kò tó nǹkan rò. “Àgbékalẹ̀ agbatẹnirò” ni mo fara mọ́.

Òǹkàwé Yorùbá náà ní tirẹ̀ tó yẹ ká gbà rò. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan ni, pẹ̀lú àmì tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ̀ ọ́n lẹ̀, àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó di àpótí òfìfo. Àwọn kan á wá ní ká kúkú yọ àmì kúrò. Kí wọ́n kọ àkọlé yìí láìsí àmì ohùn ná: “Wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ obìnrin kan ní Ọjà Ọba.” Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá á di ọ̀rọ̀ orogún!

Arábìnrin wa láti Ìsẹ̀ kò fẹ́ “àgbékalẹ̀”. Wọ́n ní bí a bá sá fún ọnà, a sá fún Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ (ará Ẹ̀fọ̀n á ní àwọn ló bí i), tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, tó wà ní British Museum dòní. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Ṣùgbọ́n ká lè dúró wò ó ni wọ́n ṣe fín ilẹ̀kùn yẹn. Ẹni tó bá ń dúró wo áàpù kò ní rí ìròyìn kà. Kí ọnà wà fún àwọ̀ àti àwòrán ara rẹ̀, mo gbà. Ibi tí a fi nǹkan kọ̀ọ̀kan sí, kó lè rọrùn láti lò, àgbékalẹ̀ nìyẹn.

“Ìsọdọ̀tun” tí ẹnìkan dá lábàá fún fífa ojú ewé wálẹ̀ kí ìròyìn tuntun lè wọlé, ìsọjí ṣọ́ọ̀ṣì ló ń rán mi létí. Lẹ́nu kànga oní-kẹ̀kẹ́, okùn là ń fà wálẹ̀ kí omi tó gòkè. “Ìfàtuntun” tẹ́ mi lọ́rùn. Kí bọ́tìnnì “Ilé” wà bẹ́ẹ̀; àwa tí à ń pè é ní ulé kò ní bá yín jà.

Èyí tó kù ni ti bọ́tìnnì ìròyìn tí a kò tíì ṣí. “Àìkà” sún mọ́ àìkàsí jù, bí ẹni pé a fojú di oníròyìn. Mo ní “àìtíìkà”. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó máa gba àyè lórí bọ́tìnnì náà?