Ṣé kí n ta jẹnẹrétọ̀ tó tóbi jù fún wọn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ẹ̀ka àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni mo wà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù l'Ádó-Èkìtì báyìí. Mò ń tún un ṣe, mo sì ń bá èèyàn ra tuntun.

Ilé ìwé aládàáni kan ní Ìkẹ́rẹ́ ní kí n wá jẹnẹrétọ̀ 60kVA onídísẹ̀lì fún àwọn (kVA la fi ń wọn bí agbára jẹnẹrétọ̀ ṣe tó). Mo ṣírò gbogbo ohun tí wọ́n ń lò, kọ̀ǹpútà, fáànù, ẹ̀rọ tó ń fa omi: kò pé 12kVA. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tí kò bá rí ẹrù tó gbé, ìyẹn iná tí wọ́n ń fà lára rẹ̀, kì í gbóná tó. Dísẹ̀lì ò ní jó tán, omi dúdú á máa kán lẹ́nu sàléńsà, èédú á sì dì sínú ẹ́ńjìnnì.

Mo fi ìṣirò náà hàn wọ́n. Mo ní kí wọ́n ra 20kVA, kí wọ́n fi owó tó kù ṣe sólà. Bàbá tó ni ilé ìwé fárígá. Àgbà ni wọ́n, n ò lè máa bá wọn jiyàn. (Èrè 60kVA kì í sì í ṣe kékeré, pàápàá fún ẹni tó ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì.) Mo rò ó pé kí n máa gbé ẹrù wúwo lé e lóṣooṣù kó lè gbóná dáadáa, àmọ́ ta ni yóò ra dísẹ̀lì?

Ṣé kí n tà á, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé mo ti kìlọ̀, àbí kí n yọwọ́?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá dá mi lóhùn.