Ẹ́ńjìnnì igi mi ti gan, iṣẹ́ di Sátidé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Agégi_Sùúrùlérè (Ọjọ́bọ̀, 6:40 àárọ̀)
Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ kíákíá ni. Ẹ́ńjìnnì tí mo fi ń gégi gan pa lálẹ́ àná, okùn rẹ̀ kò ṣeé fà mọ́. Mo sì ti gba àsansílẹ̀ igi fúrúùtù kan ní Àgùdà, Sátidé ni wọ́n fẹ́ ẹ. Tòkúnbọ̀ wo ni kí n rà, ibo ni kí n ti rà á? Owó tí màá fi ra tuntun kò sí lọ́wọ́ o.

Bàbá_Fáìlì
Àbúrò, báwo ni igi náà ṣe tóbi tó? Ṣé gígùn lo máa gùn ún, àbí ìsàlẹ̀ lo ti máa dá a lulẹ̀? Wáyà NẸ́PÀ ńkọ́? O ò sọ nǹkan kan. Bí ìdí rẹ̀ kò bá ju 50 sẹ̀ǹtímítà lọ, báà 20 íǹṣì, irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀, ti tó ọ. Wá Stihl MS 382 tàbí Husqvarna 372. Bí ẹ́ńjìnnì wọn ṣe tóbi tó, èkíní jẹ́ 72 sísì, èkejì lé díẹ̀ ní 70, kò sì sí èyí tó tó kílò 7 nínú méjèèjì bí a kò bá tíì de báà mọ́ ọn. Stihl 070 tí gbogbo ayé ń gbé kiri yẹn, ti àwọn alápákó ni. Ó lé ní kílò 10, kò ní búréèkì tó ń dá ṣéènì dúró. Ẹni tó bá gbé e gun igi, apá rẹ̀ á ti máa gbọ̀n kó tó gé ẹ̀ka kẹta.

Ọmọ_Oko_Bàbà
Bí àwọn alápákó bá ṣì wà ní Oko Bàbà, ibẹ̀ ni kó lọ. Kó sọ̀ ní Òyìngbò, kó rìn wọlé sápá ọ̀sà, kó béèrè àwọn tó ń pọ́n ṣéènì. Èyíkéyìí nínú wọn á mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀.

Ojú_Ti_Rí
Ẹ má rán ọmọ ọlọ́mọ lọ síbi tí wọ́n á ti lù ú ní jìbìtì! "Tòkúnbọ̀" tí wọ́n tà fún mi, tánkì méjì péré, ó gan. Ayédèrú tuntun ni, ọ́ìlì dúdú ni wọ́n fi pa á lára kó lè dà bí èyí tó ti òkèèrè bọ̀. Àbúrò, gbọ́ o. Nọ́ńbà Stihl gidi, ara irin rẹ̀ gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, bó o bá fi èékánná tọ́ ọ, wàá mọ̀ ọ́n lára. Bó bá jẹ́ ìwé nìkan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, gbé e kalẹ̀. Ní kí wọ́n tú sàlẹ́ńsà níṣojú rẹ, kó o fi tọ́ọ̀ṣì wo písítìn láti ojú ihò èéfín. Ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán. Bó o bá rí ìlà lóòró-lóòró, wọ́n ti pa á kó tó dọ́wọ́ rẹ.

Ìkẹjà_Boy
Níbo lẹ ti rà á, ẹ̀gbọ́n? Ẹ dárúkọ wọn.

Ojú_Ti_Rí
Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ibi gbogbo ni wọ́n wà.

Igi_Wó
Òótọ́ lẹ sọ. Èyí tí wọ́n tà fún èmi náà, báà rẹ̀ kò fún ọ́ìlì sílẹ̀ rárá. Páńpù ọ́ìlì inú rẹ̀, rọ́bà ni.

Adé_Ẹ̀bútẹ́
Ẹ kọ́kọ́ gbé báà sókè ìwé funfun, kẹ́ ẹ fún ẹ́ńjìnnì níná. Bí ọ́ìlì kò bá ta sí ìwé yẹn, ẹ má sanwó.

Ìkẹjà_Boy
Ọ́ìlì tí mẹkáníìkì bá dà nù ńkọ́, ṣé ó ṣeé lò fún ṣéènì?

Adé_Ẹ̀bútẹ́
Irin lílọ̀ ló kún inú rẹ̀. Á dí ihò báà, á jẹ páńpù. Tuntun tó ki díẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà.

Ṣéènì_Mímú
Ẹ jẹ́ ká padà sórí tánkì méjì yẹn. Ayédèrú pàápàá kì í tètè gan bẹ́ẹ̀ bí ọ́ìlì bá pé nínú epo. Ẹ̀gbọ́n Ojú_Ti_Rí, báwo lẹ ṣe pò ó?

Ojú_Ti_Rí
Bí mo ṣe ń po ti jẹnẹrétọ̀ kékeré, "I pass my neighbour".

Ṣéènì_Mímú
Ó parí. Ìdérí kan sí kẹ́ẹ̀gì kan, àbí? 1 sí 50, ọ́ìlì kan sí epo àádọ́ta, túmọ̀ sí 20 mílílítà nínú lítà kan, 100 nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 5, ìyẹn bó bá jẹ́ ọ́ìlì àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà gan-an lẹ rà. Stihl fúnra wọn ló ní bó bá jẹ́ ọ́ìlì mìíràn, 1 sí 25 ni: 40 mílílítà sí lítà kan, 200 sí lítà 5. Ọ́ìlì tú-stróòkù ni mo ń wí o, kì í ṣe ti mọ́tò. Kẹ́ ẹ mi kẹ́ẹ̀gì dáadáa kẹ́ ẹ tó dà á. Èyí tó bá sì ti lé lóṣù kan, ẹ má fi sí i mọ́.

Bàbá_Fáìlì
Mi ò fara mọ́ 1 sí 25 yẹn. Èéfín á bo ẹni tó wà lórí igi, púlọ́ọ̀gì á dúdú, sàlẹ́ńsà á dí.

Ṣéènì_Mímú
Bàbá, púlọ́ọ̀gì tó dúdú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kẹ́ ẹ dá àlàfo ẹnu rẹ̀ padà sí 0.5 mílímítà, ó tán. Písítìn tó gan, kí lẹ fẹ́ fi ha ìyẹn?

Ọmọ_Oko_Bàbà
Ásíìdì ni wọ́n fi ń nù ún, kì í ṣe àwàdà o. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un pé kó tún tirẹ̀ ṣe? Kó tú sàlẹ́ńsà ẹ́ńjìnnì tó gan yẹn. Bí ìlà bá wà ní apá ibi tí èéfín ń gbà nìkan, ọ́ìlì ló kéré tàbí atẹ́gùn ló ń wọlé láti ibi tí kò yẹ. Bó bá jẹ́ apá kabúrétọ̀, eruku ló gba fílítà kọjá. Lọ́pọ̀ ìgbà, sílíńdà kò tíì bàjẹ́, alumíníọ̀mù ara písítìn ló yọ́ mọ́ ọn lára. Wọ́n á fi òwú kan ásíìdì díẹ̀ sórí ibẹ̀ nìkan, á máa hó yẹ́ẹ́. Bó bá dákẹ́ híhó, alumíníọ̀mù tán nìyẹn, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi sáńpépà wẹ́wẹ́ ra á, wọ́n á wọ písítìn àti ríìngì tuntun sí i. Bí èékánná bá ṣì ń há nínú ìlà lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, sílíńdà ti lọ nìyẹn. Kò yẹ kó gbà ju ìdajì ọjọ́ lọ bí písítìn bá wà ní ọjà.

Ìyá_Onígi_Màkókò
Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ni igi yẹn bẹ́ ẹ bá gé e tán? Àwọn tó ń yan ẹja ń wá igi. Kẹ́ ẹ gé e ní ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì, kí n rán ọkọ̀ wá.

Òfin_Ni
Kò sẹ́ni tó bi í bóyá onílé ti gba ìwé lọ́wọ́ LASPARK, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí igi àti ọgbà. Àṣẹ la ń gbà kí a tó gé igi l'Ékòó.

Igi_Wó
Inú ọgbà onílé ńkọ́?

Òfin_Ni
Kó bi LASPARK léèrè kí wọ́n tó wá bi òun.

Agégi_Sùúrùlérè
Ẹ ṣeun o. Gígùn ni, ẹ̀ka ńlá kan ti sùn lé páànù ilé kejì. Ẹ ṣì ń jà lórí ọ́ìlì, mi ò tíì rí ẹ́ńjìnnì.

Bàbá_Fáìlì
Ẹn-ẹ́n. Páànù! Kí lo kò fi sọ ọ́ láti àárọ̀? Fúrúùtù, ìpele-ìpele ni ẹ̀ka rẹ̀ ń yọ, á nà gbọọrọ bí irin agbòjò tí a ṣí. Bó o bá gé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ láti òkè lẹ́ẹ̀kan náà, á ya kó o tó gé e dé àárín, á sì bó èèpo igi wálẹ̀. Kọ́kọ́ fi ayùn sí abẹ́ rẹ̀, nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ara igi, gé ìdá kan nínú mẹ́ta. Bọ́ síwájú díẹ̀ sápá orí ẹ̀ka, wá gé e láti òkè títí yóò fi já. Kùkùté tó bá kù, bí wọn ò bá ní dá igi náà lulẹ̀, gé e lẹ́yìn ibi tó wú ní ọrùn ẹ̀ka, má gé e wọ ara igi.

Ṣéènì_Mímú
Okùn tó máa fi sọ ẹ̀ka kalẹ̀ ni kó wá ṣáájú ẹ́ńjìnnì. Èyí aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń di ẹrù sórí dánfó, kó má lò ó. Bí igi bá ń fà á yí ẹ̀ka ká, á gbóná, á yọ́, á já. Nylon 16 mílímítà ni kó rà, kó yí i ká ìdí igi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹni ìsàlẹ̀ tó dì í mú. Ìtì fúrúùtù tútù tó fẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà, tó gùn ní mítà kan, lè wọn 60 kílò. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ gbá mú.

Ojú_Ti_Rí
Kó ṣáà má ra tòkúnbọ̀.

Agégi_Sùúrùlérè (Ẹtì, 8:15 alẹ́)
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mi ò ra nǹkan kan mọ́. Mo ti yá 070 lọ́wọ́ ọ̀gá kan ní Múṣín. Fáìlì ìpọ́n wo ló wọ ṣéènì rẹ̀?

Igi_Wó
070! Lẹ́yìn gbogbo ohun tí wọ́n sọ!

Agégi_Sùúrùlérè
Ilẹ̀ ni màá gbé e sí, ẹ fara balẹ̀. Ayùn ọwọ́ ni màá mú gun òkè. Onílé ní òun á lọ pe àwọn NẸ́PÀ. Fáìlì wo ni?

Bàbá_Fáìlì
Bó bá jẹ́ ṣéènì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ .404 íǹṣì ló wà lórí rẹ̀, fáìlì 5.5 mílímítà. Tì í síwájú nìkan, má fà á padà. Igun dígírì 30, iye kan náà fún gbogbo ehín. Ehín kúkúrú tó wà níwájú, 0.8 mílímítà ni kó fi relẹ̀ ju ehín tó ń gé igi lọ, má ha á jù, á máa bu igi jẹ ni.

Ìyá_Onígi_Màkókò
Ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì o.