Ọmọ mi ní ààwẹ̀ lòun ń gbà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, ló gbé mi wá. Láti oṣù kìíní ló ti ń sọ pé òun ń gbààwẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn, mo rò pé ọmọ mi ti mọ Ọlọ́run. Ìjọ wa parí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21, tirẹ̀ ò parí. Á ní òun ti jẹun níléèwé. Tó bá jókòó tì wá, á gé dòdò kan sí ọ̀nà mẹ́jọ, á máa fi fọ́ọ̀kì tì í káàkiri abọ́. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń dáná fún àwọn àbúrò rẹ̀ o, fídíò oúnjẹ sísè ló sì ń wò títí di òru.

Oṣù kẹfà la wà yìí, súwẹ́tà méjì ló ń wọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mo ṣèèṣì ká a mọ́ bálùwẹ̀. Mo lè ka eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Irun wẹ́wẹ́ bíi tọmọ tuntun ti hù sí i lápá. Mo bú sẹ́kún, ó ní òun ṣì sanra. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀. Mo ti rò pé ó lóyún, mo sọ̀rọ̀ burúkú sí i, ó sì ń dùn mí títí di báyìí. Bàbá rẹ̀ ní agídí ni, pé tébi bá pa á á jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn ní ká gbé e wálé, òun á fi iyán bọ́ ọ. Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí jọ anorexia, ìyẹn kí ènìyàn máa febi pa ara rẹ̀ torí ẹ̀rù sísanra. Kì í ṣe agídí, ọmọ yín ò sì ya wèrè. Àìsàn ni, lára àwọn tó ń bá ìrònú ènìyàn jà, ó wà nínú àwọn tó ń pa ènìyàn jù. Ẹ má dúró kó tún rù sí i. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ pe GP yín, ìyẹn dókítà ìdílé, kí ẹ sì sọ ti nǹkan oṣù, ti òtútù, ti oúnjẹ. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Lábẹ́ ìlànà NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó yẹ kí ìtọ́jú ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 1, ti èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 4. Tó bá dákú, tí àyà ń dùn ún, tàbí tí kò mu omi mọ́, ẹ gbé e lọ sí A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, lójú ẹsẹ̀.

Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yín nípa iyán yẹn. Ẹni tí ebi ti pa pẹ́, tí a bá da oúnjẹ púpọ̀ bò ó lẹ́ẹ̀kan náà, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, kí ọkàn rẹ̀ sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà ni kó sọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ sísè tó yà yín lẹ́nu: lọ́dún 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minnesota, wọ́n dín oúnjẹ ọkùnrin 36 tí ara wọn le kù fún bí oṣù mẹ́fà. Kò pẹ́ tí àwọn yẹn fi ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ń ka ìwé ìtàn. Ebi ló ń ṣe ọmọ yín bẹ́ẹ̀.

Mo Ti Bọ́ Níbẹ̀: Mọ́mì, mo ti ṣe é rí, ní yunifásítì. Kì í ṣe pé oúnjẹ ò wù mí. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí, bí ẹni tí wọ́n ní kó jẹ májèlé. Màmá mi jókòó tì mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kò pariwo, kò bẹ̀ mí, ó kàn ń sọ pé, "Mo mọ̀ pé ó le. Jẹ ẹ̀kan sí i." Tí mo bá bú u, á ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ohun tó fẹ́ dá mi padà ni àwọn ará ilé wa tó ń kí mi pé, "O ti sanra, o ti ń dán!" Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu kan ara rẹ̀, ì báà jẹ́ ìyìn.

Alàgbà: Ẹ gbàdúrà, ẹ má dá a dúró. Àmọ́ ẹ lọ bá pásítọ̀ yín, kó sọ fún un lójúkojú pé ààwẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ lásìkò yìí. Ẹnu yín nìkan ò ní tó.

Alhaja: Òótọ́ ni Alàgbà sọ. Lọ́dọ̀ tiwa náà, Kùránì yọ aláìsàn sílẹ̀ nínú ààwẹ̀, ó wà nínú Súrà kejì.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Mo gbàgbé, mà. Ìtọ́jú tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò fún ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀, òbí ló ń mójú tó oúnjẹ nínú rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Maudsley, ní Lọ́ńdọ̀nù yín níbẹ̀, ni wọ́n ti ṣe é jáde ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Torí náà bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá yín lọ. Àjọ Beat, tó ń ran àwọn tí irú àìsàn yìí ń bá jà lọ́wọ́, náà ń dá àwọn òbí lóhùn lórí fóònù.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta: Ẹ ṣé gan-an. A ti rí GP, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́ jù, wọ́n ti kọ̀wé lọ síwájú. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Mo bẹ ọmọ mi nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i. Lálẹ́ àná, ìdajì ègé búrẹ́dì kan gbà wá ní ìṣẹ́jú 50. Ó jẹ ẹ́ tán. Ìyá mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ Sátidé, mo sì mọ̀ pé "Kí ló mú ọ rù báyìí?" ló máa kọ́kọ́ sọ.

Mo Ti Bọ́ Níbẹ̀: Ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó wọ bààlúù, mà. Ẹ ní tí wọ́n bá wọlé, kí wọ́n kàn fi oríkì rẹ̀ kí i.