Ilé tí mi ò tíì rí àti iṣẹ́ tí mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ ń béèrè owó lọ́wọ́ mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́:

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kà á tán, torí kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú ni wọ́n ní kí n ti sanwó.

Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ń wáṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ìpolówó kan lórí ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó ilé, iṣẹ́ àti ẹrù àlòkù. Akọ̀wé ni wọ́n ń wá. Mo kọ̀wé sí wọn, wákàtí kan ò pé tí wọ́n fi dá mi lóhùn. Orí WhatsApp ni wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, mi ò gbóhùn ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè mẹ́fà péré ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ti dé. Àmì ilé iṣẹ́ ńlá kan wà lókè rẹ̀, owó oṣù tó wà níbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí mò ń gbà níbi tí mo ti kúrò. Wọ́n ní àwọn á fi sọ̀wédowó ránṣẹ́ kí n fi ra kọ̀ǹpútà tí màá fi ṣiṣẹ́. Kí n san án sínú àkáǹtì mi, kí n mú díẹ̀ níbẹ̀ fún ìnáwó ara mi, kí n wá fi ìyókù ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà fún wọn.

Torí iṣẹ́ yìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé sí ìlú tí ọ́fíìsì wọn wà. Orí ìkànnì kan náà ni mo ti rí i: yàrá kan àti pálọ̀, ilé ìdáná tó mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ ò tó ìdajì iye tí wọ́n ń gbà lórí irú ẹ̀ ládùúgbò náà. Onílé ní òun wà lókè òkun, iṣẹ́ Olúwa ló gbé òun lọ, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ òun lọ́hùn-ún. Pé tí mo bá ti san owó oṣù kan pẹ̀lú owó àsansílẹ̀, òun á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ nínú àpòòwé. "Ọmọ mi" ló ń pè mí. Ó ní èèyàn méjì míì ti ń lé ilé náà, ṣùgbọ́n èmi ni ọkàn òun fà sí. Mo ti fi àwòrán káàdì ìdánimọ̀ mi ránṣẹ́ sí i.

Ohun tí ò jẹ́ kí n sùn lánàá ni àwòrán ilé ìdáná yẹn. Mo fi ìka fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, mo rí ìdajì lẹ́tà mẹ́ta kan, funfun, tó rí bíi pé wọ́n gé ìsàlẹ̀ wọn dànù. Orúkọ kan ti wà níbẹ̀ rí. Mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti rẹ̀ mí. Àbí ẹ̀rù lásán ló ń bà mí ni?

Bọ̀dá Táyé:

Àbúrò mi, má sanwó. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yẹn, tẹ̀ lé e.

Mo fẹ́ sọ tèmi, kì í sì í ṣe ohun tí mo máa ń sọ fún èèyàn. Èmi ti gba kọ́kọ́rọ́ rí. Ó dé lóòótọ́, nínú àpòòwé, wọ́n so bébà kékeré mọ́ ọn, wọ́n kọ nọ́ḿbà ilé sí i. Mo ti san owó oṣù kan àti àsansílẹ̀. A kó ẹrù wa dé, àpótí méjì, ọmọ mi obìnrin ń sùn léjìká mi. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó kàn kọ̀ kò yí ni. Mo rò pé ó ti dípẹtà ni. Mo yọ ọ́, mo fi aṣọ nù ún, mo tún kì í bọ̀ ọ́. Ìgbà kẹta ni ilẹ̀kùn ṣí láti inú. Obìnrin kan ló ṣí i. Ó wo àpótí wa, ó wo ọmọ, kò bínú rárá. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹnì kẹta lọ́sẹ̀ yìí." Ó gbé àga jáde fún ìyàwó mi.

Ohun tó gbé mi ṣubú ni pé mo ṣèwádìí o. Mo tẹ àdírẹ́sì náà sórí Google Maps, mo wo òpópónà, mo rí ilé, mo rí géètì, ó bá ti inú àwòrán mu rẹ́gí. Ọkàn mi wá balẹ̀. Mi ò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Obìnrin yẹn ń ta ilé rẹ̀ ni. Wọ́n lọ síbi tó ti polówó títà, wọ́n kó àwòrán àti àdírẹ́sì rẹ̀, wọ́n gbé e síbòmíì bí ilé tí wọ́n fẹ́ fi yáni, wọ́n fi nọ́ḿbà tiwọn sí i, wọ́n já owó rẹ̀ wálẹ̀ kó lè tètè wọni lójú. Ilé wà. Ẹni tó fi yá mi ni ò ni ín.

Nítorí náà, kéèyàn rí ilé lórí fóònù kò tó. Wọ inú ẹ̀. Ṣí ẹ̀rọ omi, tan iná, bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, bi í pé ta ló ni ibẹ̀. Kódà wíwọlé nìkan ò tó, torí àwọn kan wà tó máa ń háyà ilé fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á mú èèyàn rẹpẹtẹ wọ ibẹ̀ wò, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n á sì pòórá. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ wà téèyàn ti lè wo orúkọ ẹni tó nilé. Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbowó díẹ̀ níbẹ̀, san án. Wo orúkọ náà, kí o wá wò ó bóyá òun náà ló wà lórí ìwé àdéhùn àti lórí àkáǹtì tí wọ́n ní kí o sanwó sí. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, tí wọn ò sì lè fi ìwé hàn ọ́ pé ẹni náà lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó, kúrò níbẹ̀.

Ìyá Ṣadé:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí èmi náà ò sí nílé, mo sì nílé tí mo fi ń yáni. Kì í ṣe gbogbo onílé tó wà lókè òkun ló ń lu jìbìtì. Àmọ́ onílé gidi tó rìnrìn àjò á fi ẹnì kan sílẹ̀. Àbúrò mi ni kọ́kọ́rọ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Mi ò ní gbowó lọ́wọ́ ẹni tí ò tíì débẹ̀, torí èmi náà fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀ wá gbénú ilé mi. Craigslist, ìkànnì ìpolówó kan tó ti wà láti 1995, kọ ọ́ sínú ìkìlọ̀ wọn pé kéèyàn má háyà ilé tí kò tíì fojú rí. Ọ̀rọ̀ "ọmọ mi, ọmọ mi" yẹn ló sì bí mi nínú jù.

Àǹtí Sìkírá:

Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn káńtà gan-an. Àbẹ̀kẹ́, bí sọ̀wédowó yẹn bá dé, má ṣe san án sínú àkáǹtì rẹ rárá.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé wọ́n á rí owó náà. Bí o bá san sọ̀wédowó sínú àkáǹtì, ọ̀pọ̀ báńkì á jẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ sí í ná an láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí báńkì tí sọ̀wédowó ti wá kò tíì sọ bóyá ojúlówó ni. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn pé ayédèrú ni. Nígbà tó bá wá hàn, báńkì á yọ gbogbo owó náà padà lọ́rùn rẹ. Èyí tí o ti fi ránṣẹ́ sí oníkọ̀ǹpútà, owó tìrẹ gan-an lo fi ránṣẹ́. Ọmọkùnrin kan jókòó níwájú mi báyìí, ó na fóònù sí mi, ó ní, "Mà, ẹ wò ó, owó ti wọlé." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Owó ilé ìwé rẹ̀ ló wà nínú àkáǹtì yẹn tẹ́lẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ojú rẹ̀.

Bí wọ́n bá yí i padà, tí wọ́n ní àwọn á máa sanwó sínú àkáǹtì rẹ kí o máa pín in fún àwọn kan, sá. Owó tí wọ́n jí lọ́wọ́ ẹlòmíì ni wọ́n fẹ́ gba ọwọ́ rẹ kọjá, orúkọ rẹ lọlọ́pàá á sì kọ́kọ́ rí. Bí wọ́n bá ní káàdì ẹ̀bùn ni kí o rà, kí o ya nọ́ḿbà ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́, tàbí kí o fi bitcoin san án, ohun tí wọ́n ṣe yan ọ̀nà wọ̀nyẹn ni pé owó tó bá ti gba ibẹ̀ lọ, agbára káká la fi ń rí i gbà padà.

Àti pé ẹni tó ń wáṣẹ́ kọ́ ló yẹ kó máa sanwó. Àjọ ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kọ ọ́ sínú Àdéhùn 181 ti ọdún 1997 pé éjẹ́ńtì tó ń báni wáṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, àfi níbi díẹ̀ tí ìjọba bá ti yọ̀ǹda. Owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó àyẹ̀wò, orúkọ yòówù kí wọ́n fún un.

Kọ́lá:

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìdààmú. Ìdajì lẹ́tà tí ẹ rí yẹn gan-an ni kí ẹ tọpa rẹ̀. Ẹ gbé àwòrán náà sínú Google Lens tàbí TinEye, á fi ibòmíì tí àwòrán náà wà hàn yín. Bí kò bá mú nǹkan kan jáde, ẹ gé e kù sí ohun kan ṣoṣo, bíi síńkì tàbí fèrèsé, kí ẹ tún gbìyànjú. Ẹ tún yí àwòrán náà kí ọ̀tún di òsì, torí wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i kó má bàa tètè hàn.

Ní ti iṣẹ́, ẹ wo ímeèlì tí lẹ́tà náà bá wá. Ohun tó wà lẹ́yìn àmì @ ni kí ẹ kà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń fi nǹkan kékeré kún orúkọ ilé iṣẹ́ gidi, bóyá àmì dáàṣì kan, bóyá "careers" lẹ́yìn ẹ̀, ojú á sì fò ó. Ẹ tẹ orúkọ ìkànnì náà sí lookup.icann.org, ẹ lè rí ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ àtọdúnmọ́dún ò ní máa lo ìkànnì tí wọ́n dá sílẹ̀ lóṣù tó kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ pè wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe nọ́ḿbà inú lẹ́tà o, nọ́ḿbà tí ẹ bá fọwọ́ ara yín wá rí ni.

Ó ku ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn gidi ni yín, pé kí ẹ fi nọ́ḿbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù yín ránṣẹ́ sí òun, ẹ má fi ránṣẹ́. Nọ́ḿbà yẹn ni wọ́n á fi gba WhatsApp yín, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ yín tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn yín.

Àbẹ̀kẹ́:

Ẹ ṣé gan-an. Mi ò sanwó.

Mo pe ilé iṣẹ́ náà, nọ́ḿbà orí ìkànnì wọn gangan. Obìnrin tó gbé e mí kanlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní àwọn ò wá akọ̀wé kankan. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ síwèé lẹ́tà yẹn ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn lóòótọ́, kò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ní ti ilé, síńkì ló tú u. Mo gé e bí Kọ́lá ṣe wí, ó gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ilé, síńkì kan náà, lẹ́tà funfun mẹ́ta yẹn sì pé, wọ́n jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ìkànnì yẹn. Mo sọ fún onílé mi pé kó jẹ́ ká ríra lórí fídíò. Ó ní ṣé mo rò pé olè lòun ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò rí àwòrán ẹ̀ mọ́, ó ti dí nọ́ḿbà mi pa.

Ọkàn mi ò tíì balẹ̀ nítorí káàdì ìdánimọ̀ mi tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Sìkírá:

Sọ fún báńkì rẹ lónìí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ sórí àkáǹtì rẹ. Lọ sọ fún ọlọ́pàá, kí o gba ìwé tó fi hàn pé o ti fẹjọ́ sùn, torí bí wọ́n bá fi káàdì yẹn yáwó lọ́la, ọjọ́ tó wà lórí ìwé náà ló máa gbèjà rẹ. Bí àjọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó bá wà lórílẹ̀-èdè tí o wà, ní kí wọ́n ti orúkọ rẹ pa, kí ẹnikẹ́ni má lè fi yáwó. Má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ rẹ́, ya gbogbo ẹ̀ láwòrán lójú fóònù. Nígbà míì tí wọ́n bá béèrè àwòrán káàdì, kọ orúkọ ẹni tí o ń fi ránṣẹ́ sí, ìdí rẹ̀ àti ọjọ́ sórí àwòrán náà kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Bọ̀dá Táyé:

Fún ẹlòmíì tó bá ń ka ibí, tí owó ti lọ lọ́wọ́ ẹ̀: wọ́n á tún padà wá. Oṣù méjì lẹ́yìn tèmi, ẹnì kan pè mí, ó ní òun lè gba owó mi padà, kí n kọ́kọ́ san owó iṣẹ́ òun. Ó mọ iye tí mo pàdánù géérégé. Ìyàwó mi ló gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Àbẹ̀kẹ́:

Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Mo fi ìpolówó náà sun àwọn tó ni ìkànnì, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó di àárọ̀ yìí, ó ti padà, àwòrán kan náà, orúkọ míì, nọ́ḿbà míì. Mo tún ti fi sùn wọ́n. Mo wá kọ̀wé sí ẹni tó ń ta ilé náà gan-an, kó lè mọ̀. Ó ní òun dúpẹ́, pé òun ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ ọmọ ilé ìwé kan ti wá kanlẹ̀kùn òun níjẹta, ó gbé máàtírẹ́ẹ̀sì kíká sórí.