Káàdì béèsìbọ́ọ̀lù àtijọ́: ìgbà wo ni àkójọ pé?

Ará Baltimore
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí nídìí kíkó káàdì jọ. Àwọn káàdì tí ilé-iṣẹ́ Topps tẹ̀ lọ́dún 1952 ni tèmi, káàdì 407 ni gbogbo wọn. Nígbà tí mo rò pé 80 àkọ́kọ́ ti pé sí mi lọ́wọ́, mo kó wọn lọ sí ìpàtẹ kan, bàbá àgbà kan sì dojú gbogbo wọn dé sórí tábìlì láìsọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni mo tó rí i pé lẹ́tà ẹ̀yìn àwọn kan pupa, ti àwọn mìíràn sì dúdú, bẹ́ẹ̀ oríṣi méjèèjì ni wọ́n tẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 80 náà. Mo padà sílé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Mélòó ló wá kù báyìí?

Ará Baltimore
Ẹlẹ́yìn dúdú 23 ló kù mà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Brooklyn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò sí èyí tó kù. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ni òfin: 1 dé 407. Bí a bá ní ká ka àwọ̀ mọ́ ọn, a ó ka ẹ̀yìn funfun àti ẹ̀yìn eérú ti 1956, a ó ka lẹ́tà yẹ́lò ti 1958, kò sì ní tán. Káàdì agbábọ́ọ̀lù Mickey Mantle, nọ́ńbà 311, pàápàá jẹ́ oríṣi méjì: ẹ wo ojú rírán bọ́ọ̀lù tí wọ́n yà sẹ́yìn rẹ̀, ti ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún, ti èkejì kọjú sósì. Ta ló lè ra Mantle méjì?

Ará Chicago
Èmi kò fara mọ́ èyí. Mo ra nọ́ńbà 48, àwòrán Joe Page ló wà níwájú, ṣùgbọ́n ìtàn Johnny Sain ni mo kà lẹ́yìn. Mo ti dì í sínú àpòòwé láti dá a padà, kí ọ̀rẹ́ mi kan tó ní kí n lọ wo nọ́ńbà 49. Àṣé wọ́n ti gbé ẹ̀yìn ọ̀kan fún èkejì, wọ́n sì tún un tẹ̀ nígbà tó yá. Ẹni tó bá yọ irú èyí kúrò nínú àkójọ ti yọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ káàdì náà dànù.

Ìyá Ìbejì
Kí ẹ tó jà lórí àwọ̀, ẹ wọn káàdì yín ná. Íǹṣì 2⅝ ni ìbú ti 1952, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 3¾. Mo ná owó oṣù kan lórí Jackie Robinson. Nígbà tí mo gbé e ti òmíràn, ó fi bíńtín kúrú. Etí rẹ̀ kan funfun láúláú, ó mú bí abẹ, nígbà tí etí 3 yòókù ti pọ́n, tí wọ́n sì ti rọ̀. Wọ́n ti rẹ́ ẹ. Ó ṣì ń dùn mí.

Ará Chicago
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó ká mi lára gan-an.

Ará Atlanta
Àárín 311 sí 407 ni Robinson yẹn wà, àwọn tó jáde nígbà tí ìdíje ọdún náà ń parí lọ, tí ọjà kò sì tà mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1960, Sy Berger ti Topps kó àwọn tó ṣẹ́kù dà sínú òkun Àtìláńtíìkì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Brooklyn
Ìtàn òkun yẹn kì í jẹ́ kí n sùn. Mo gba ti Page àti Sain, àṣìṣe ni. Ti àwọ̀ ni mi ò gbà.

Ará Baltimore
Mo ti gbọ́, àbúrò. Síbẹ̀, mo ní Warren Spahn, nọ́ńbà 33, ẹlẹ́yìn pupa méjì. Ẹni tó bá ní dúdú rẹ̀, kó jọ̀wọ́ jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀.